Owó ilé tí wọ́n yọ tí kò dé báǹkì: bí ẹ ṣe lè fi ìwé àti ìwọ́de bèèrè rẹ̀

Òṣìṣẹ́ káńsù kan ń gba ₦80,000 lóṣù. Kí owó náà tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti yọ ₦2,000 níbẹ̀, nítorí òfin owó ilé ti ọdún 1992, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NHF, ní kí wọ́n máa yọ 2.5% nínú owó oṣù, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Federal Mortgage Bank, báǹkì ìjọba àpapọ̀ tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó láti kọ́lé tàbí láti ra ilé. Ọdún méjì kọjá, òṣìṣẹ́ náà lọ tọrọ ẹ̀yáwó. Báǹkì ní owó oṣù mẹ́ta péré ló wọlé sórúkọ rẹ̀. ₦42,000 ti há sáàárín káńsù àti báǹkì. Bí wọ́n bá jẹ́ òṣìṣẹ́ 300, ₦12,600,000 nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti bèèrè owó yìí, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti bèèrè rẹ̀ lójú títì. Àmọ́ ìwọ́de tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kì í pẹ́ tú ká. Aláṣẹ á jáde, á ní "a ti gbọ́, a máa wò ó," kò sì ní sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Èyí tó mú iye owó dání, tó mọ oṣù tí owó náà jẹ́, tó sì ní ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ gbà, òun ni apá ò ká. Ìdí nìyẹn tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kí a tó dé títì.

Ohun tí ẹ ń pàdánù

Èlé ẹ̀yáwó NHF ti wà ní 6% lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ogún ọdún ní 6% á máa san nǹkan bí ₦35,800 padà lóṣù. Mílíọ̀nù márùn-ún kan náà, fún ogún ọdún kan náà, bí èlé bá jẹ́ 25%, á di nǹkan bí ₦104,900. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí NHF ṣe pàtàkì fún òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré.

Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì dá owó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, ní ẹ̀yáwó yìí. Owó tí èèyàn á máa san padà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ, ọdún tí wọ́n máa fún un sì sinmi lórí iye ọdún tó kù kó tó fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ ₦80,000 tó ní ogún ọdún níwájú lè yá nǹkan bí ₦3,700,000. Federal Mortgage Bank kì í fi owó yìí lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ tààrà. Báǹkì kékeré tó ń rí sí ẹ̀yáwó ilé ló máa ń gba ti òṣìṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni bóyá owó rẹ ń wọlé déédéé. Bí kò bá wọlé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kan àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú, torí owó tí wọ́n dá ló yẹ kí wọ́n gbà padà pẹ̀lú èlé, owó tí kò sì dé báǹkì kò ṣeé dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí owó há sí

Ẹ má pariwo olè kó tó dájú pé olè jà. Ibi mẹ́ta ni owó yìí sábà máa ń há sí, ohun tí ẹ máa bèèrè sì yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, agbanisíṣẹ́ lè yọ owó náà kó má fi ránṣẹ́ rárá. Èkejì, ó lè fi owó ránṣẹ́ lódindi láìfi àkọsílẹ̀ orúkọ tẹ̀ lé e. Owó á wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Ẹ̀kẹta, orúkọ tàbí nọ́ńbà NHF lè má bára mu: "Adébáyọ̀ Ṣadé" ní káńsù, "Ṣadé Oyèlẹ́yẹ" ní báǹkì, torí ó ti lọ́kọ. Irú ẹ̀kẹta yìí kò nílò ìwọ́de. Ìwé ìyípadà orúkọ, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ló máa yanjú rẹ̀.

Kí olúkúlùkù kó pay slip gbogbo oṣù tí ọ̀rọ̀ kàn jọ. Èyí tó bá sọnù, kó tọrọ ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ akápò. Lẹ́yìn náà, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì Federal Mortgage Bank ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó fi nọ́ńbà NHF rẹ̀ sí i, kó bèèrè ìwé àkáǹtì tó fi owó tó wọlé hàn lóṣooṣù. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé ńlá: oṣù, iye tí wọ́n yọ, iye tó dé báǹkì, ìyàtọ̀. Kí ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣírò rẹ̀, kí wọ́n sì fi èsì wọn wéra. Àṣìṣe ₦10,000 péré nínú ìwé yín ni aláṣẹ máa dì mú níwájú àwọn oníròyìn, á sì fi bo mílíọ̀nù méjìlá mọ́lẹ̀.

Lẹ́tà méjì tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Lẹ́tà kìíní wà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ẹ bèèrè ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé wọ́n san owó NHF fún oṣù báyìí sí oṣù báyìí, àti àkọsílẹ̀ orúkọ tó bá a lọ. Òfin fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ẹ ò ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn ₦500,000 lé ọ́fíìsì tó bá fi ìwé pamọ́ láìtọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń ní òfin yìí ò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fòpin sí àríyànjiyàn náà ní oṣù kẹrin 2025: òfin náà de gbogbo ìjọba, títí kan ti ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Lẹ́tà kejì ni èyí tí ẹ fi ń bèèrè owó. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe yẹ kó rí:

"Láti oṣù kìíní 2023 sí oṣù kejìlá 2024, ẹ yọ ₦14,400,000 nínú owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ 300 tí orúkọ wa wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ìwé báǹkì fi hàn pé ₦1,800,000 ló dé ọ̀dọ̀ wọn. A fẹ́ kí ₦12,600,000 tó kù dé báǹkì pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orúkọ, kí ọjọ́ 14 tó pé sí òní."

Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sórí tiyín, kó sì lu òǹtẹ̀. Bí akọ̀wé bá ní ọ̀gá ò sí nílé, ẹ ní kó gbà á kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá ò sí. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gbé e gba ilé iṣẹ́ tó ń kó lẹ́tà kiri, kí ẹ sì tọ́jú risíìtì. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú kọ ìwé ẹ̀hónú lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó kún ojú ọ̀nà ààfin ní 1947, wọn ò sì dáwọ́ ìwé dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá fi máa fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá: ẹ sọ fún ọlọ́pàá

Abala 39 àti 40 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ àti láti kó ara jọ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Abala 45 gba ìjọba láyè láti fi òfin dí i kù nítorí ààbò ìlú. Láàárín àwọn abala wọ̀nyí ni gbogbo ìjà lórí ìwọ́de ti ń wáyé.

Òfin kan wà láti 1979 tó ní kí ẹni tó fẹ́ wọ́de gba ìwé àṣẹ. Ní oṣù kejìlá 2007, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP pé ìwé àṣẹ yìí ta ko òfin ilẹ̀ wa. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 83, ìlà kẹrin, wá fi ohun tó yẹ ní ṣíṣe hàn: bí ẹ bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé ẹ fẹ́ péjọ, ọlọ́pàá tó ń ṣàkóso àdúgbò náà gbọ́dọ̀ pèsè àwọn tó máa dáàbò bò yín.

Ìfitónilétí ni lẹ́tà yín, ẹ má kọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá fi "a ń tọrọ àyè" bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fún wọn láyè láti ní "rárá." Ẹ kọ ọ́ sí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ DPO tí ibẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ márùn-ún sí méje ṣáájú. Ohun tí ẹ máa kọ sínú rẹ̀: ọjọ́, wákàtí tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tí ẹ máa tú ká, ọ̀nà tí ẹ máa gbà láti ibi kan dé èkejì, iye èèyàn tí ẹ ń retí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tí ọlọ́pàá lè pè, àti ìlà kan tó rán wọn létí abala 83 yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín sí káńsù tì í lẹ́yìn.

DPO ṣì lè ní "ẹ wá gba ìwé àṣẹ." Ẹ má jà, ẹ kàn dá a lóhùn pé: "Ọ̀gá, a wá fi tó yín létí ni, a sì ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa rán àwọn ọmọ yín wá." Kí ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀, kí ẹ gba òǹtẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ kan, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní òpin oṣù keje 2024 tí wọ́n ní ọgbà Gàní Fáwẹ̀hìnmí ní Ọjọ́ta àti ọgbà Peace Park ní Kétu ni kí àwọn tó fẹ́ wọ́de lọ, ẹ tẹ̀ lé àṣẹ náà, kí lọ́yà yín sì lọ ta kò ó ní ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá tẹ àṣẹ ilé ẹjọ́ lójú ti gbé ìdí tí wọ́n fi lè mú un lé wọn lọ́wọ́.

Fún òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ìwọ́de yàtọ̀ sí ìyanṣẹ́lódì. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ láìtọrọ àyè, ìwé "kí ló dé" á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lórí owó, á di ọ̀rọ̀ ìwà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ lẹ́tà sílẹ̀, kí àwọn tó wà nínú ìsinmi ọdún àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú, kí àwọn yòókù dé ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Bó bá sì jẹ́ ìyanṣẹ́lódì gan-an ni, àtúnṣe 2005 sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò fàyè gba pé kí wọ́n fipá mú ẹnikẹ́ni dara pọ̀, tàbí kí wọ́n dí títì pa.

Ọ̀nà, àkókò àti àwọn olùṣọ́

Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí ẹ fẹ́ fi wọ́de. Ọ̀nà tó bá ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ ti jìn jù fún àwọn àgbàlagbà. Ẹ yẹra fún orí afárá, torí kò síbi téèyàn lè sá sí, àti iwájú ilé ìwòsàn, àti gáréèjì, níbi tí àwọn ọmọ ìta tí kò mọ ohun tí ẹ wá ṣe máa ti dara pọ̀ mọ́ yín. Ẹ wo àwọn òpópónà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ yan méjì tí ẹ máa gbà jáde bí nǹkan bá dojú rú.

Ẹ yan olùṣọ́ kan fún èèyàn ogún. Tí ẹ bá jẹ́ 300, olùṣọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn: mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àti ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lọ. Kí wọ́n so aṣọ aláwọ̀ kan náà mọ́ apá. Ẹni tó tutù lara ni kí ẹ yàn, ẹ má wo bó ṣe ga tó. Iṣẹ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni láti jẹ́ kí ọkọ̀ lè máa gba ìdajì títì kọjá. Onímọ́tò tó bá fi wákàtí méjì há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ò ní rántí owó ilé yín mọ́.

Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ dára. Oòrùn ò tíì mú jù, àwọn aláṣẹ wà ní ọ́fíìsì, àwọn oníròyìn sì máa ráyè kọ ìròyìn wọn. Píọ́ wọ́tà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí àpò ọgbọ̀n fún èèyàn 300, nítorí ogún ló wà nínú àpò kan. Ẹ mú àpò ìdọ̀tí dání fún nàìlọ́ọ̀nù rẹ̀. Kí ẹnì kan wá pẹ̀lú àga ike mẹ́wàá fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì.

Owó tí ẹ bá dá fún gbogbo èyí, kí ó wà ní àkáǹtì ẹgbẹ́ tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, ní oṣù kọkànlá 2020, CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti ti àkáǹtì ogún pa. Àkáǹtì ẹnì kan péré ló rọrùn jù láti tì.

Ohun tí ẹ máa kọ sórí páálí

Iye owó ni kí ẹ kọ. "₦12.6 MÍLÍỌ̀NÙ. OṢÙ 21. ÒṢÌṢẸ́ 300." Ẹni tó ń kọjá lọ lè kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kámẹ́rà sì lè gbé e jáde. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ pẹ̀lú "olè," bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ àti òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń dúró dè yín. Ẹ má fi igi tàbí irin gbé páálí ró. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dì í mú. Igi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ ní tésàn bí "ohun ìjà."

Bí nǹkan bá fẹ́ dojú rú

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìwọ́de ti ń bàjẹ́, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe pé àwọn tó wọ́de burú. Ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ á ju òkúta. Ní ìṣẹ́jú yẹn, kí olùṣọ́ iwájú fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí gbogbo yín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ju òkúta ló máa ku òun nìkan lórí ìdúró, ọlọ́pàá á rí i, kámẹ́rà á rí i. Ẹ fi èyí dánra wò kí ẹ tó jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, torí ara kì í gbà kéèyàn jókòó nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Tajútajú yàtọ̀. Bí wọ́n bá yìn ín, ẹ má jókòó. Ẹ kọ ojú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹ rin jáde gba òpópónà tí ẹ ti yàn. Ẹ má sáré, torí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè pààyàn. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọyín kì í ràn án, ńṣe ni wọ́n ń dá kún un. Ẹni tó ní ikọ́ fée, aláboyún àti ọmọdé, kí wọ́n má sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ yan ẹni méjì tó máa ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má dá sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n kàn sọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí fóònù wọn máa fi nọ́ńbà àṣírí ṣí, kì í ṣe ìka ọwọ́.

Bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni

Kí gbogbo yín fi bíírò kọ nọ́ńbà lọ́yà sí apá ọwọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, torí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbà. Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí ẹ mọ̀ lórí:

Ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ìdí wà fún jù bẹ́ẹ̀.

Béèlì ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má buwọ́ lu ìwé òfìfo, ẹ má sì buwọ́ lu ohun tí ẹ ò kà. Ẹ lè sọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó yín dípò yín. Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń kà ni ìpéjọ tí kò bófin mu. Abala 69 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní ó di bẹ́ẹ̀ nígbà tí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kó ara jọ lọ́nà tó fi lè ba àwọn ará àdúgbò lẹ́rù pé wọ́n fẹ́ da àlàáfíà rú. Ẹ wá rí ìdí tí a fi tẹnu mọ́ lẹ́tà, wákàtí ìtúká, páálí tí kò ní igi àti fídíò: àwọn ni lọ́yà yín máa fi dáhùn nígbà tó bá dìde níwájú adájọ́. Ẹni tí kò lè sanwó lọ́yà, kí ó lọ sí Legal Aid Council ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi tó ọ́fíìsì Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn létí.

Nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà káńsù

Kí ẹnì kan péré ka lẹ́tà, kí ẹni márùn-ún wọlé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó gba ìwé, ipò rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa san, kí ó sì buwọ́ lù ú níwájú yín. Bó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹni márùn-ún náà buwọ́ lu tiyín. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín lọ sílé ní wákàtí tí ẹ sọ, bó tilẹ̀ wù yín kí ẹ dúró. Ọjọ́ mìíràn ni ọlọ́pàá máa wo ọ̀rọ̀ yín mọ́ ìṣe yín.

Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá tún yẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ló kàn. Kí lọ́yà yín kọ́kọ́ wo òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, torí púpọ̀ nínú wọn ló ní kéèyàn fún káńsù ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan kó tó pè é lẹ́jọ́, ẹjọ́ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sì lè já sílẹ̀ láìgbọ́ rẹ̀ rárá.

Bí wọ́n bá sì san án, ẹ má tíì pa fáìlì dé. Ẹ padà sí báǹkì lẹ́yìn oṣù kan, kí olúkúlùkù gba ìwé àkáǹtì tuntun, kí akọ̀wé yín fi wé ìlà mẹ́rin tí ẹ ti fà. Owó tó dé láìsí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀ ò tíì dé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ₦48,000 wọn ò tíì pé sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà lọ bá akápò lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.